Orúkọ Ewé Ni Wọ́n Fi Bo Oògùn Mọ́lẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa dé ibi ìkọ̀wé lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún tàbí ti ojúbọ. Ọ̀rọ̀ ewé ni, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fi ewé ṣe agbòjò fún ohun tí kì í ṣe ewé. Ní gbogbo ọjà tí à ń ná lóde òní, ìbáà ṣe lórí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà tàbí lórí fóònù, tíì kan wà, kápúsù kan wà, kọfí kan wà, àgúnmu kan wà, tí wọ́n ní ó ń mú kí ẹni tí ó sanra jò láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwòrán ewé tútù ni ó sábà máa ń wà lára páálí rẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ewé pọ́ńbélé ni. Nítorí gbólóhùn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rà á. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ewé.

Ayé ti yí lórí ọ̀rọ̀ sísanra. Láyé àwọn baba wa, bí a bá sọ fún ènìyàn pé ó rù, ará ilé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí àìsàn; bí a bá sọ pé ó sanra, ó di oríire. Lónìí, dókítà ń sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí ohun tí wọ́n ń rí lójú fóònù. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó fẹ́ jò. Ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹni tí ó ta oògùn òyìnbó fún un, tí kò sọ fún un pé oògùn òyìnbó ni.

Àbùlà kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Ẹlẹ́mu tí kò bẹ̀rù a bu omi sí ẹmu, elépo tí ojú ń kán a fi nǹkan mìíràn lú epo. Ṣùgbọ́n àbùlà tí a mọ̀ láti ilẹ̀ wá, agbára ni ó ń mú kúrò: ẹmu a di omi, ẹni tí ó mu ún a sì mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Agbára ni ó ń fi kún un. Ewé tí kò lè ṣe ju kí ó fọ inú lọ yóò di ohun tí ń pa ebi láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ, yóò tún máa pe ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wá rà nínú rẹ̀.

Sibutramine ni orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò jù fún ìwà èrú yìí. Kò sí igi tàbí koríko kan lórí ilẹ̀ ayé tí ń so ó. Inú ilé iṣẹ́ oògùn ni ó ti ń jáde. Ní 1997 ni FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé kí dókítà máa kọ ọ́ fún ẹni tí sísanra ti di àrùn sí lára. Meridia ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Reductil ni àwọn ará Yúróòpù mọ̀ ọ́n sí. Inú ọpọlọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ń mú kí oúnjẹ díẹ̀ tètè yó ènìyàn. Ohun kan náà tí ń pa ebi yìí ni ó ń lé ọkàn sáré, tí ó sì ń gbé ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè.

Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní SCOUT lórí nǹkan bí 10,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn ti tó 55 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà sì ti wà lára wọn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró òfìfo, nǹkan bí 10 nínú 100 ni àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù tàbí tí ọkàn pa. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní sibutramine, ó di 11.4 nínú 100. Ẹni tí ń kà á lè sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìṣirò oògùn kò rí bí ìṣirò owó ọjà: bí 1,000 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá lo oògùn náà, 14 nínú wọn ni láburú yìí dé bá tí kì bá má dé bá wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2010 ni àjọ oògùn Yúróòpù ní kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni àwọn tí ń ṣe é kó o kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Nígbà tí oògùn náà ṣì wà lábẹ́ òfin, ìwé tí ó bá a wá kìlọ̀ pé ẹni tí ó ní àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ lò ó, dókítà sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni tí ń lò ó láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí ó wọnú tíì tán, ìkìlọ̀ kò sí mọ́, dókítà kò sí mọ́, ìwọ̀n kò sí mọ́. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, tí ó torí rẹ̀ fẹ́ jò, òun gan-an ni yóò gbé ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sẹ́nu.

Wíwúlò oògùn náà fún oníjìbìtì kò tán lọ́jọ́ tí òfin lé e. Ní òpin ọdún 2008, FDA kéde orúkọ 28 ohun ìdínsanra tí wọ́n bá oògùn tí a kò kọ sí lára páálí nínú wọn. Kí oṣù kan tó pé, orúkọ náà ti di 69. Ìwọ̀n oògùn tí ó wà nínú àwọn mìíràn ju èyí tí dókítà lè kọ lọ fíìfíì. Àwọn olùwádìí kan tún tú àkọsílẹ̀ àjọ náà láti 2007 dé 2016 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2018. Ohun ìjẹ àfikún 776 ni wọ́n rí tí a ti fi oògùn pamọ́ sí. Nínú wọn, 317 ni ti ìdínsanra. Sibutramine wà nínú 269 nínú 317 yìí. Oògùn mìíràn, phenolphthalein, tí ń fọ inú, tí Amẹ́ríkà ti yọ kúrò lára oògùn orí àtẹ ní ìparí ọdún 1990 sí 1999 nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ, wà nínú 75.

Àwọn mìíràn kò ní sibutramine rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, FDA kìlọ̀ lórí kápúsù kan tí ó wá láti Brazil, Emagrece Sim, tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí ohun àfikún lásán. Oògùn tí ń kó ẹni sáré, oògùn tí ń pa ara lọ́rọ̀, àti oògùn tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí ó ń ṣe: ó fi èkejì bo àìsùn tí ti àkọ́kọ́ ń fà mọ́lẹ̀.

Kí ni ó wá kan àwa oníṣẹ̀ṣe nínú èyí? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ènìyàn bá ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn tí ó mu irú tíì bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sọ fún dókítà ni pé àgbo ni ó mu. Dókítà yóò kọ àgbo sílẹ̀. Ìròyìn yóò gbé e pé àgbo tún ti ṣe ti inú rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tí ó ti jókòó sí ọjà láti ogójì ọdún, tí kò fi ojú kan sibutramine rí, òun ni ẹ̀bi yóò wá bá nídìí àtẹ. Oníjìbìtì ti kó èrè lọ. Ewé ni ó ń jẹ́jọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ó yẹ kí ó máa pariwo pé kí wọ́n yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò, àwa ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? A rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ "láàbù" bí ẹni gbọ́ orúkọ ilẹ̀ òkèèrè, a sì fẹ́ kí a jọ wo inú rẹ̀, nítorí kò jìnnà sí iṣẹ́ tí àwọn àgbà wa mọ̀.

Ojú lásán kò lè rí i, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ mọ̀. Ìwọ̀n sibutramine tí dókítà ń kọ fún ènìyàn lójúmọ́ jẹ́ mílígíráàmù 10 tàbí 15. Kílógíráàmù kan ṣoṣo, tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́, tó 100,000 ìwọ̀n mílígíráàmù 10. Ẹni tí ó ń pò ó mọ́ ewé kì í fi òṣùwọ̀n pò ó. Bí ẹni ń po gààrí nínú agbada ni. Ìdí nìyí tí kápúsù kan nínú ike kan fi lè ní púpọ̀, tí èkejì rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan. Nítorí èyí, alàyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba hóró kan ṣoṣo. Odindi páálí ni ó ń béèrè, pẹ̀lú nọ́mbà ìpele tí a tẹ̀ sí i lára, yóò sì pọ̀ lára rẹ̀ kó tó lọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná tán, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú methanol. (Májèlé ni methanol, iṣẹ́ láàbù nìkan ni ó wà fún.) Ẹ̀yin oníṣègùn mọ ìdí rẹ̀: ohun tí omi kò lè fà jáde lára egbò, ọtí a fà á jáde, òun ni àgbo ọlọ́tí fi yàtọ̀ sí àgbo olómi. Wọn yóò sẹ́ ẹ. Èyí tí ó kù nínú ìgò báyìí ni oje ewé, àwọ̀ ewé, ṣúgà, àti, bí ó bá wà níbẹ̀, oògùn àjèjì náà, gbogbo wọn pọ̀ nínú omi kan ṣoṣo.

Ìyàsọ́tọ̀ ni iṣẹ́ kù. Orúkọ ọkùnrin kan yẹ ní ìrántí níbí. Mikhail Tsvet, ọmọ Rọ́ṣíà tí ìmọ̀ ewéko jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Warsaw ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn. Ó da oje ewé sórí lúbúlúbú ṣọ́ọ̀kì, funfun bí ẹfun, tí ó kì sínú ọ̀pá dígí. Bí oje náà ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọ̀ inú ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pín níyà: ìlà àwọ̀ ewé dúró lọ́tọ̀, ìlà pupa rúsúrúsú dúró lọ́tọ̀, bí ẹni ta aṣọ òkè. Ní 1906 ni ó kọ ọ́ sí ìwé, tí ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọ́n fi ń mú oníjìbìtì lónìí, ọmọ àti ọmọ ọmọ ọ̀pá dígí náà ni wọ́n. Inú wa dùn sí ìtàn yìí ju bí ó ti yẹ lọ bóyá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: láti ara ewé ni a ti kọ́ ọgbọ́n tí a fi ń mọ ohun tí kì í ṣe ewé.

Èyí tí ó rọrùn jù nínú wọn ni àwo pẹlẹbẹ tí a fi èròjà funfun tẹ́ lójú. Wọn yóò kán oje náà sí ìsàlẹ̀ àwo, wọn yóò kán sibutramine tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì gbé ẹsẹ̀ àwo sínú omi kẹ́míkà díẹ̀. Omi a máa gùn ún lọ sókè. Ẹ̀yin aláró mọ ohun tí à ń wí: bí omi bá kán sí aṣọ tí aró rẹ̀ kò tíì gbẹ, àwọ̀ a máa rìn, èyí tí kò di aṣọ mú a lọ jìnnà, èyí tí ó dì í mú a dúró nítòsí. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ àkànṣe sí àwo náà, tí àmì kan láti inú tíì sì gùn dé ibi kan náà tí sibutramine tòótọ́ gùn dé, ìfura ti dé nìyẹn. Ìfura nìkan ni. Ohun méjì lè rin ìrìn kan náà.

Ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo mólékù ni ó ń dájọ́. Lẹ́yìn tí ọ̀pá ìyàsọ́tọ̀ bá ti pín wọn, ẹ̀rọ yìí yóò fi iná mànàmáná gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan fò, yóò wọ̀n ọ́n, yóò fọ́ ọ, yóò sì tún wọn àwọn àfọ́kù. Sibutramine a fi ara hàn ní 280. Bí ó bá fọ́, àfọ́kù 125 àti 139 ni ó ń jáde. Nítorí pé klórínì kan wà nínú rẹ̀, tí klórínì sì máa ń wá ní ìwúwo méjì, ìkejì rẹ̀ tí ó kéré a máa wà ní 282, nǹkan bí ìdá kan sí mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ìlà ojú rẹ̀ nìyí. Ẹni tí wọ́n kọ pélé fún kò lè sọ pé àbàjà ni òun ní, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ewé wá sí ọjà.

Àwọn oníjìbìtì náà kò sùn. Wọ́n mọ̀ pé 280 ni wọ́n ń wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé díẹ̀ kúrò lára mólékù náà. Bí wọ́n bá gé apá kékeré kan, ó di 266. Bí wọ́n bá gé méjì, ó di 252. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe nínú ara, ṣùgbọ́n láàbù tí ojú rẹ̀ kò kúrò lórí 280 yóò kọ̀wé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn alàyẹ̀wò tí ó gbọ́n kò fi ń wá orúkọ kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n ń wá ìdílé. Ohun tí ó bá fọ́ bí sibutramine ti ń fọ́, wọn a dá a dúró, wọn a bi í pé ọmọ ta ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá mú ìwé àyẹ̀wò wá sọ ohun tí wọ́n wá nínú rẹ̀. Ìwé tí ó kàn sọ pé "a kò rí oògùn", tí kò sọ oògùn tí wọ́n wá àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wá a, kò yàtọ̀ sí ìwé funfun.

Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tí a lè gbé lọ́wọ́, tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí lúbúlúbú, tí wọ́n sì ń ka bí ó ṣe tàn padà. Wọ́n wúlò ní ẹnu ibodè. Àléébù wọn ni pé ewé fúnra rẹ̀ máa ń tàn yòò bí ìmọ́lẹ̀ náà bá bà á, títàn rẹ̀ a sì bo ti oògùn kékeré tí ó sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé ṣé kò sí èyí tí a lè ṣe nílé. Phenolphthalein, oògùn ìfọnú tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ni àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń mọ omi kíkan yàtọ̀ sí omi eérú. Kò ní àwọ̀ nínú omi kíkan, ṣùgbọ́n bí a bá kán an sí omi kán-ún, yóò pọ́n yòò bí òdòdó. Tí tíì bá ní in nínú, tí a fi ọtí fà á jáde, tí a kán an sí omi kán-ún, ó lè pọ́n. Ẹ má tíì yọ̀. Àsúnwọ̀n, tí àwọn ìyá wa ń lò fún inú tí kò yà, ní èròjà kan nínú ewé rẹ̀ tí òun náà máa ń pọ́n nínú omi eérú. Ewé sẹ́ńnà tí ó kún inú ọ̀pọ̀ tíì ìdínsanra ń ṣe bákan náà. Ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo, tiẹ̀ a yí sí àwọ̀ aró tàbí ti ewé. Ẹni tí ó bá fi omi kán-ún dájọ́ yóò mú olódodo, oníjìbìtì tí ó lo sibutramine yóò sì kọjá níwájú rẹ̀ láìpọ́n. A ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé fídíò àyẹ̀wò ilé kiri. Ẹ má fi àwọ̀ omi ba orúkọ ènìyàn jẹ́.

Ó yẹ kí a sọ òdì kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, kí a má baà dà bí ẹni pé gbogbo aburú láti inú kẹ́míkà ni. Ní ìlú Brussels, láàrin 1990 sí 1992, àwọn obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn kan láti jò. Egbò igi kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó yẹ kí ó wà nínú ohun tí wọ́n fún wọn, Stephania tetrandra. Dípò rẹ̀, Aristolochia fangchi ni ó wà níbẹ̀. Orúkọ méjèèjì jọra lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà. Ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì wá yọ lára púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn náà. Ewé ni. Kò sí oògùn òyìnbó tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwa náà ní ewé púpọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ kan, a sì ní ewé kan tí ń jẹ́ orúkọ púpọ̀ láti ìlú dé ìlú: bí a bá rán ọmọ lọ já àsúnwọ̀n ní ìlú kan, tí a rán an ní ìlú kejì, ó lè má jẹ́ igi kan náà ni yóò já bọ̀. Àyẹ̀wò tí ó pé gbọdọ̀ béèrè ohun méjì: kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà, àti ṣé ewé tí a dárúkọ ni ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú àwọn àgbà wa yóò sọ. Wọn yóò ní Ọ̀sanyìn ni ó ni ewé, wọ́n kì í sì í tú àṣírí Ọ̀sanyìn sí ìta. Wọn yóò ní láàbù kò lè dá babaláwo lẹ́jọ́. Ọ̀wọ̀ ni fún wọn. Ṣùgbọ́n àwo ni ọ̀rọ̀ ọfọ̀, àwo ni ọ̀nà tí a gbà já ewé àti àkókò tí a já a. Mílígíráàmù 15 oògùn tí wọ́n rà nínú ọ̀rá láti ilé iṣẹ́ òkèèrè kì í ṣe awo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí ń wọn mólékù kò bèèrè ohun tí a sọ sí ewé létí. Ohun tí a bù mọ́ ọn ni ó ń bèèrè. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tí ó bá gbé ọtí fún àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí àlejò tó gbé e sẹ́nu. Àwọn baba wa kò rí títọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀sí. Oògùn tí à ń sọ yìí kì í pa ẹni tí ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà títọ́ lẹ́nu kò tó fún un mọ́. Láàbù ni ahọ́n tí ó lè tọ́ ọ.

Nípa ti ìjọba, NAFDAC ni òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà láti 1993. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí nọ́mbà NAFDAC bá ti wà lára páálí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà kéékèèké tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ohun egbòogi dáadáa: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtà sọ pé ó ń ṣe wò. Lẹ́yìn náà, ìpele tí wọ́n kó lọ yẹ̀ wò lánàá kọ́ ni èyí tí ó wà lórí àtẹ lónìí. Oníjìbìtì tí ó gbọ́n yóò fi ewé mímọ́ gba nọ́mbà, yóò sì máa po oògùn mọ́ ọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àyẹ̀wò orí àtẹ, láìsọ fún olùtà tẹ́lẹ̀, ni ó lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ni à ń bèèrè lọ́wọ́ àjọ náà, òun sì ni ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn máa bá wọn bèèrè dípò kí wọ́n máa sá fún wọn.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba. Ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn àti egbòogi wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Èkó. Àwọn ọmọ wa ni ó kún inú wọn. Àyẹ̀wò kan lè wọ́n fún ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ṣoṣo. Kò wọ́n fún ẹgbẹ́ oníṣègùn tí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn bá dá owó jọ. Bí ẹgbẹ́ kan ní ìlú kan bá lè ra páálí mẹ́wàá tí wọ́n ń tà jù lọ́jà ibẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ, tí wọ́n sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà, iṣẹ́ tí yóò ṣe fún orúkọ ewé ju ìpàdé ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní tiwa, láti òní lọ, a kì yóò gba ìpolówó ohun ìdínsanra kankan sí ojú ewé yìí, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ wa, àfi bí orúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀ bá wà lára páálí, tí ìwé àyẹ̀wò ìpele náà gan-an, kì í ṣe ti ìpele èṣí, sì bá a wá. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí wa. Kí wọ́n fi ìwé dáhùn, kì í ṣe ìbínú.

Ẹni tí ó bá ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí ó rí i pé ọkàn òun ń sáré, tí ẹnu ń gbẹ, tí oorun ń dá lójú, tí orí ń fọ́, tàbí tí ebi kàn ṣàdédé sá lọ láàrin ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ó dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó sọ òtítọ́ ohun tí ó mu fún dókítà, pàápàá bí ó bá ń lo oògùn mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kí ó má ju páálí náà nù, kí ó má sì da èyí tí ó kù nínú rẹ̀ sí ilẹ̀. Kí ó dè é sínú ọ̀rá, kí ó kọ ọjọ́ tí ó rà á àti ibi tí ó ti rà á sí i lára, kí ó gbé e dání lọ.